Ìpara eléwé: Ẹ má fi orúkọ ewé bo májèlé mọ́lẹ̀

Bí ènìyàn bá gbéra láti Ìyànà-Ìpájà, tó gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá sí Ìdímù, tó dé Ìkòtún, tó sì tẹ̀síwájú dé Ìgàndó, yóò rí ṣọ́ọ̀bù ìpara títí ojú yóò fi sú u. Ohun tó yí padà nínú òwò náà ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Nígbà kan, ìpara abóra kì í fi ara pamọ́; ẹni tó ń tà á mọ ohun tó ń tà, ẹni tó ń rà á mọ ohun tó ń rà. Lónìí, “ọ́gáníìkì” ni ọ̀pọ̀ ń pe tiwọn. Wọ́n á ní ewé ni, egbò ni, ọ̀rí ni, àtalẹ̀ pupa ni, kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀. Wọ́n á sì tún fi yé oníbàárà pé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó dúdú bí kóró iṣin yóò pọ́n bí òyìnbó.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ewé tó ń ṣe ara lóore wà, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ewé tó ń sọ ẹni dúdú di pupa láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, a kò tíì rí i. Bí ìpara kan bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ tí wọn kò sọ; wọ́n kàn fi orúkọ ewé bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú awọ. Osùn ni wọ́n fi ń kun ìyàwó àti ìyá ìkókó. Àdín ni wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára. Eérú èèpo kòkó àti epo ni wọ́n ń lò láti fi se ọsẹ dúdú, bí wọ́n bá sì wẹ̀ tán, wọ́n á fi ọ̀rí para kí awọ má baà gbẹ. Kò sí èyí tí wọ́n ń lò nínú wọn láti fi bó àwọ̀ tí Ọlọ́run fún wọn. “Adúmáadán” ni oríkì tí wọ́n fi ń yin ẹni tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ẹni tó dúdú, tó sì ń dán.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní kò ta ko àwọn àgbà wọ̀nyí. Bí a bá bó iṣu tí a kò tètè rì í sínú omi, yóò dúdú. Bí òjò àti atẹ́gùn bá ń jẹ irin, yóò dípẹtà. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ni oòrùn, èéfín ọkọ̀ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ń ṣe sí awọ ara: wọ́n ń fa ohun tó dà bí ìpẹtà sínú rẹ̀, awọ á sì gbó ṣáájú ọjọ́. Àwọn èròjà tó ń dènà irú ìbàjẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní antioxidant. Wọ́n wà nínú ọ̀rí tí a kò tíì fi kẹ́míkà fọ̀, nítorí fítámì E wà nínú rẹ̀. Wọ́n wà nínú epo pupa, nínú àtalẹ̀ pupa, nínú ẹ̀fọ́, tòmátì àti mángòrò tí à ń jẹ. Iṣẹ́ wọn ni láti dáàbò bo awọ àti láti ràn án lọ́wọ́. Wọ́n kì í bó o. Wọ́n sì máa ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn ará òkè òkun mọ iyì ohun tí à ń wí yìí ju àwa fúnra wa lọ. Igi ẹ̀mí, ìyẹn igi tí à ń rí ọ̀rí lára èso rẹ̀, pọ̀ ní agbègbè Ṣakí, ní Kwara àti ní ìpínlẹ̀ Niger. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso rẹ̀ lọ sókè òkun ní tútù fún oṣù mẹ́fà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé Nàìjíríà ló ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 gbogbo èso náà lágbàáyé, ṣùgbọ́n ìdá kan péré nínú 100 owó tó wà nínú òwò náà ló ń wọlé fún wa. Àwọn oníléeṣẹ́ òkèèrè ń rà á lọ́wọ́ wa láti fi ṣe ìpara olówó ńlá, àwa sì ń fi owó tiwa ra ohun tó ń bó wa láwọ.

Kí ni àwọn nǹkan tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú ìpara wọ̀nyí? Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni mẹ́kúrì, tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́, tó sì lè ṣe ìpalára fún ọmọ inú oyún. Ìkejì ni hydroquinone. Bí ènìyàn bá lò ó pẹ́, ó lè mú kí ojú àti oríkèé ìka dúdú kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, dúdú tí kì í fẹ́ lọ mọ́. Ìkẹta ni àwọn oògùn stẹ́rọ́ìdì tó yẹ kó jẹ́ pé dókítà nìkan ló ń júwe wọn fún aláìsàn. Wọ́n ń mú kí awọ fẹ́lẹ́ débi pé egbò kì í tètè jinná, okùn tí dókítà fi ran ojú iṣẹ́ abẹ pàápàá lè má dúró dáadáa. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ pa ọmọ ọwọ́ lára. Áà!

A kò lè sọ pé a kò gbọ́ ìkìlọ̀. Láti ọdún 1976 ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ti gbé àwo orin “Yellow Fever” jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. South Africa fòfin de ìpara abóra ní ọdún 1990 lẹ́yìn tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ti bàjẹ́. Ní ọdún 2011, ìwé kan tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde sọ pé obìnrin 77 nínú 100 ní Nàìjíríà ló ń lo ìpara abóra. Àwọn kan lè máa jiyàn lórí iye náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ní Alimọ́ṣọ́ kò nílò ìwé kankan kó tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ọ̀gá àgbà àjọ NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, kéde pé bíbóra ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nípa ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Minamata fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ sí mẹ́kúrì nínú ohun ìṣaralóge kankan mọ́ lẹ́yìn ọdún 2025.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo ọ̀rọ̀ síbí: ewé gidi náà ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tó bá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ para tó sì jáde sínú oòrùn, ara rẹ̀ lè lé ròrò kó sì dúdú ní bátabàta. Ọ̀rí kò tó ìdáàbòbò fún àfín. Ìpara adènà oòrùn gidi, fìlà olétí gbọọrọ àti aṣọ alápá gígùn ló yẹ wọ́n. Bí nǹkan bá yọ sí ènìyàn lára, ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà lọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù apo-ìpara.

A kò sọ pé kí wọ́n lé àwọn tó ń po ìpara kúrò lọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó kàwé tí kò ríṣẹ́, tó ń fi òwò náà bọ́ ìyá àti àbúrò. Olóòótọ́ wà láàrin wọn. Àwọn olóòótọ́ yìí gan-an ni àwọn ẹlẹ́tàn ń bà lórúkọ jẹ́. Nítorí náà, kí NAFDAC má fi iṣẹ́ rẹ̀ mọ sí èbúté àti ilé ìkẹ́rùsí ńlá nìkan. Kí wọ́n wá sí ọjà Ìkòtún, kí wọ́n ra ìpara bí oníbàárà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kéde ohun tí wọ́n bá rí fún aráyé. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alimọ́ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tó ní iye ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Agbègbè tó tóbi tó báyìí kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí àjọ náà máa yọjú sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn alága káńsù wa náà ní ipa tiwọn. Wolé-wolé tó ń yẹ ilé oúnjẹ wò lè yẹ ṣọ́ọ̀bù ìpara wò pẹ̀lú. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ fi í ṣe òfin pé ẹni tí kò bá kọ ohun tó wà nínú ìpara sára ike rẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á lábẹ́ yín.

Ní ti ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ máa bi olùtajà ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló wà nínú rẹ̀? Ta ló pò ó? Níbo ni nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ wà? Bí ẹ bá rí “mercury”, “mercurio” tàbí “calomel” lára páálí, ẹ gbé e kalẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má kan wúrà tàbí fàdákà, ẹ sá fún un. Ó ṣeé ṣe kí mẹ́kúrì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ṣèlérí pé ẹ ó pọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ewé ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹni tó bá sì ti ń lo irú rẹ̀, kó lọ rí dókítà, kó sọ òtítọ́ fún un, kí wọ́n lè kọ́ ọ bí yóò ṣe fi í sílẹ̀.

Awọ kan ṣoṣo ni ènìyàn ní, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òmíràn, láti Ìkòtún títí dé Ìgàndó.