Owó Orí Lórí Èrè Tẹ́tẹ́: Kí Àwọn Aṣòfin Tún Òfin Náà Wò

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Àwọn tó ti dàgbà rántí ayé púùlù, wọ́n sì rántí ẹ̀rọ kalokalo tí ìjọba ológun fòfin dè ní ọdún 1977. Lẹ́yìn náà ni lọ́tò tí tẹrú tọmọ ń pè ní Baba Ìjẹ̀bú dé, èyí tí Olóyè Kessington Adébùtú, ọmọ bíbí Ìpẹru Rẹ́mọ, dá sílẹ̀. Lónìí, láti Ìjòkú dé Mákún ní Ṣágámù, títí dé Ìkẹ́nnẹ́, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti wọ inú fóònù.

Bóyá tẹ́tẹ́ dára tàbí kò dára, ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tòní. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni owó orí tí ìjọba fẹ́ máa gbà lórí owó tí ènìyàn bá jẹ nídìí rẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe máa ṣírò rẹ̀.

Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ máa yọ ìdá 5 nínú 100 lára owó tí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà bá jẹ, kí wọ́n sì yọ ìdá 15 lára ti ẹni tí kò gbé níbí. Ní ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun yóò máa gba ìdá 5 náà. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, náà ka irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́ èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ san owó orí lé lórí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló sọ pé 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tó wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó orí nínú.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ká sọ pé àgbẹ̀ kan ní Ìjòkú ń fi 1,000 náírà ta lọ́tò lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ó ti ná 30,000. Ó wá jẹ 20,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá yọ 1,000 tó fi ta á lọ́jọ́ náà kúrò, èrè rẹ̀ di 19,000, ìdá 5 rẹ̀ sì jẹ́ 950 náírà. Nínú ìwé ìjọba, bàbá yìí jèrè. Nínú àpò rẹ̀, ó pàdánù 10,950.

Bí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá tó 800,000, kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. Ó yẹ kí 950 yẹn padà sí ọwọ́ rẹ̀. Ta ni yóò dá a padà fún un? Ìwé wo ni yóò fi hàn ní ọ́fíìsì owó orí? Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ lè ju ohun tó ń bèèrè lọ. Ẹni tó sì jẹ ọ̀kẹ́ àìmọye náírà ní kásínò olówó ńlá, ìdá 5 kan náà ni wọ́n yọ lọ́wọ́ tirẹ̀. Bí ìjọba kò bá ní àkọsílẹ̀ láti fi béèrè ìyókù, a jẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1977 ni òfin ti sọ pé ẹni tó bá jẹ 1,200 dọ́là nídìí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, kí kásínò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Ohun tí dọ́là kan rà nígbà náà ti lé ní dọ́là márùn-ún, síbẹ̀ iye yìí kò yí padà fún ọdún méjìdínláàádọ́ta. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2025 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé 2,000 dọ́là láti ọdún 2026. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé òfin tó bá dárúkọ iye owó, tí kò sọ ìgbà tí wọn yóò tún un wò, yóò di ẹrù lórí mẹ̀kúnnù.

Ta ni yóò wá tún un ṣe? Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé òfin lọ́tò ọdún 2005, ó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni àṣẹ lórí lọ́tò, yàtọ̀ sí Àbújà. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣòfin owó orí, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì ń gbà á lọ́wọ́ ará ìlú. Nítorí náà, aṣòfin Àbújà kò lè ní iṣẹ́ ti Òkè Mọ̀sán ni, ti Òkè Mọ̀sán náà kò sì lè ní iṣẹ́ ti Àbújà ni.

Ó yẹ kí àwọn aṣòfin Àbújà là á kalẹ̀ pé bí owó tí ènìyàn jẹ kò bá tó iye kan, kí wọ́n má yọ nǹkan kan níbẹ̀, kí wọ́n sì máa tún iye náà wò bí ọjà bá ṣe ń gbówó lórí. Kí òfin gba ẹni tó ní àkọsílẹ̀ láàyè láti yọ owó tó pàdánù láàárín ọdún kúrò nínú èyí tó jẹ. Owó ńláńlá ni kí kásínò máa fi tó ìjọba létí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Ní ti Òkè Mọ̀sán, kí wọ́n fi dandan lé e pé ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní rìsíìtì gbogbo owó tí wọ́n bá yọ, ìbáà ṣe lórí ìwé tàbí lórí fóònù. Kí ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣètò bí ẹni tí kò jẹ gbèsè owó orí yóò ṣe gba owó rẹ̀ padà ní Ṣágámù, láì dé Abẹ́òkúta.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ kò yẹ lẹ́ni à ń ṣàánú. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ìyàwó àti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wà nínú àpò tí ó ti ń fa owó yọ. Bí òfin bá sì ni wọ́n lára jù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta á ní bòókẹ́lẹ́ ni wọn yóò gbà lọ, ìjọba kò sì ní rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní kí ìjọba má gba owó orí. Ẹni tó jèrè ni kó san án. Ẹni tó pàdánù, tí wọ́n tún yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe owó orí ló san, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́.