Sí Ẹni tí Ó Fẹ́ Fi Aṣọ Ṣòwò ní Ọ̀nà Ẹ̀tọ́

Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ìrínisí sì ni ìsọnilọ́jọ̀. Nítorí náà kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé, nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n jáde ilé ìwé tí wọn kò rí iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ kọ́ńpìnnì ṣe, àìmọye ni ó ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì ìgéṣọ kan àti fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ òwò aṣọ nínú yàrá ìyá wọn, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston sì ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọn bá àwọn rán búbá, kí wọn bá àwọn wá àdìrẹ tí ó dára. Iṣẹ́ tí ó níyì ni. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, irú oníbàárà kan ti dé sọ́jà tí kì í béèrè iye owó aṣọ nìkan, tí ó tún ń béèrè ẹni tí ó hun ún, iye tí wọ́n san fún ahunṣọ náà, àti ibi tí omi aró ṣàn sí lẹ́yìn tí wọ́n pa aṣọ láró tán. Àwọn olówò wa, tí ojú wọn là sí ọjà, sì ti kọ́ èsì tí yóò dùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sára pátákó àti sára àpò ìkóṣọ wọn pé aṣọ àwọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kò sì ba ilẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n gbé sẹ́nu yẹn. Ó dára kí ẹni tí yóò máa sọ ọ́ mọ bí ó ti wúwo tó, nítorí pé ẹni tí ó ní òun yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò.

Ikú ni ó sọ ìbéèrè yìí di ìbéèrè gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé alájà mẹ́jọ kan tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza, ní Savar nítòsí Dhaka tí í ṣe olú ìlú Bangladesh, wó lulẹ̀ tòun ti àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó bá a lọ lé ní 1,100, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ obìnrin tí ń rán aṣọ fún àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ògiri ilé náà ti lanu, tojú tìyẹ́ ni wọ́n sì fi rí i. Báǹkì tí ó wà nínú ilé kan náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ máa gbé ilé wọn, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ti ìlẹ̀kùn wọn, ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ ni a pàṣẹ fún pé kí wọn padà sídìí ẹ̀rọ, nítorí pé ọjọ́ tí ẹrù gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ kò lè yẹ̀. Kí á fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí, nítorí lójú tèmi òun ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Kì í ṣe pé ìkà pọ̀ nínú òwò aṣọ ju inú òwò mìíràn lọ. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ń rà kò fẹ́ san owó àkókò, ẹni tí ń tà kò fẹ́ san án, oníkálukú sì ń tì í sẹ́yìn títí yóò fi kan ẹni ìkẹyìn tí kò ní ẹni tí yóò tì í sí.

Bí ènìyàn ṣe ń jìyà ìkánjú yìí náà ni ilẹ̀ ń jẹ ẹ́. Adágún Aral, tí ó wà láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan, tí ó sì ti wà nínú àwọn adágún mẹ́rin tí ó tóbi jù lọ láyé, ti gbẹ dé ìwọ̀n tí ọkọ̀ ojú omi fi ń jókòó sórí iyanrìn, nítorí pé láti bí ọdún 1960 ni ìjọba Soviet ti yí omi àwọn odò tí ń bọ́ ọ lọ sí oko òwú. Aṣọ polyester tí kò lo òwú, epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe é. Kì í jẹrà bọ̀rọ̀, wẹ́wẹ́ rẹ̀ tí ojú kò lè rí sì ń bá omi ìfọṣọ lọ sínú odò. Ní ti òkìríkà, aṣọ àlòkù tí ó ń ti òkè òkun wá, mi ò ní dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń bú u. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò fi àyè gba kíkó o wọlé, síbẹ̀ ọjà Katangua ní Èkó kún fún un, òun ni ó sì ń bo ìhòhò ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù; aṣọ tí ẹnì kejì tún wọ̀ sàn ju èyí tí a sọ sí ààtàn lọ. Kìkì pé aṣọ tí a kò rán kí ó lè pẹ́, bí ó bá ti lo oṣù díẹ̀ lọ́rùn ẹni àkọ́kọ́, kí ni yóò kù fún ẹni kejì?

Àwọn baba wa kò sọ ọ̀rọ̀ ilé ayé tí ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n. Ẹ wo òfì àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí: fọ́nrán aṣọ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni wọ́n ń hun, a ó sì máa tò ó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí yóò fi di agbádá, débi pé àjákù tí ń bọ́ sílẹ̀ kò tó nǹkan. Sányán, tí a ń rí òwú rẹ̀ láti ara ilé tí kòkòrò igbó hun, baba a máa wọ̀ ọ́ kí ọmọ tó jogún rẹ̀. Àjákù tí ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù kì í ṣègbé. Ẹni tí ó bá ti rí ẹ̀kú egúngún tí a fi oríṣìíríṣìí ajáaṣọ tò mọ́ra mọ̀ pé àwọn ará ọ̀run pàápàá kò kọ aṣọ tí a ti lò.

Síbẹ̀, kí á má ṣe sọ àná di ọ̀run rere. Ìtàn kan wà ní Abẹ́òkúta tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí yóò fi ẹ̀tọ́ ta aṣọ mọ̀. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, ti sọ àdìrẹ di òwò tí òkìkí rẹ̀ kàn kọjá ilẹ̀ Yorùbá, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò fi ń ti Sẹ̀nẹ̀gà àti Gold Coast wá rà á. Aró tí ìyá wọn fi lé wọn lọ́wọ́, ewé èlú ni: wọn a gún un, wọn a ṣù ú, wọn a sá a, wọn a sẹ́ omi eérú láti inú ìkòkò tí a lu nídìí, wọn a rẹ èlú sínú rẹ̀, wọn a sì fi ọjọ́ púpọ̀ dúró dè é kí ó tó kan, bí wọ́n bá wá yọ aṣọ jáde nínú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ rí bí ewé tútù, kí atẹ́gùn tó fẹ́ sí i kí ó tó di aró. Lẹ́yìn náà ni aró òyìnbó tí a pò ní ilé iṣẹ́ àti kọ́sítíìkì sódà wọ ọjà, tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì di iṣẹ́ wákàtí. Àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ délẹ̀ náà ki ọwọ́ bọ ìkòkò, ó sì pẹ́ ni, ó yá ni, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àdìrẹ ń ṣá, pé ó ń gbó. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwọn aláró kò gbà, wọ́n fárígá, wọ́n gbé ẹjọ́ náà títí ó fi di ohun tí a gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ fún.

Ta ni ó jàre? Ọba wo aṣọ, ó rí i pé orúkọ ìlú ń bàjẹ́. Àwọn ìyá wo ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n rí i pé ọjà ti kú, pé owó tí àwọn oníbàárà ń san lórí àdìrẹ kò lè ra ọjọ́ tí èlú ń gbà mọ́. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, ibi tí òótọ́ méjèèjì sì ti pàdé ni kí olówò òde òní dúró sí: bí o bá fẹ́ kí aláró rẹ lo èlú, má ṣe fi òfin lé e lọ́wọ́ láìfi owó tẹ̀ lé e. San owó ọjọ́ tí èlú fi wà nínú ìkòkò. Bí o kò bá lè san án, jẹ́ kí ó lo aró òyìnbó, kí o sì sọ fún oníbàárà rẹ pé aró òyìnbó ni.

Èyí ni ó fà á tí mo fi ń gba ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kí ó tó ra pátákó. Ọ̀pọ̀ olówò kékeré ni ó mọ iye yáàdì aṣọ, iye òwú àti bọ́tìnnì, tí ó mọ iye epo tí jẹnẹrétọ̀ mu, ṣùgbọ́n tí kò ka ọjọ́ tí ọwọ́ fi ṣe iṣẹ́ náà sí nǹkan kan, ìbáà ṣe ọwọ́ ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí ó bá wá dá iye lé aṣọ, ó rò pé òun ti jèrè, kò mọ̀ pé òógùn ọmọ ọlọ́mọ ni òun ń jẹ. Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ tilẹ̀ yẹ kí ó kó ìtìjú bá wa. Ọmọ tí òbí rẹ̀ sanwó kí ó lè kọ́ṣẹ́ télọ̀, tí ó fi ọdún àkọ́kọ́ pọn omi, tí ó fi èkejì gbé ọmọ ọ̀gá lọ sí ilé ìwé, tí ọ̀gá tún ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó gba òmìnira, kí ni aṣọ tí a rán ní irú ilé bẹ́ẹ̀ fi sàn ju aṣọ Savar lọ? Òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Bí a bá ti lo ọmọ iṣẹ́ nílòkulò ni òun náà yóò lo tirẹ̀. Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ àti obìnrin ní àdìrẹ láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe gbogbo wa ni ó lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá tí kò lè kọ àdéhùn sílẹ̀ lójú òbí ọmọ, kí ó sì pa á mọ́.

Ẹni tí ń lo sódà ńkọ́? Kí ó rántí pé sódà ń bó awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú: ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í ṣe fàájì, orí omi ni a ti ń da sódà, a kì í da omi lé sódà lórí, kò sì yẹ kí aláró pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí ìkòkò. Kí ó má da omi rẹ̀ sí gọ́tà tí ó ń lọ sí odò, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ kànga ẹlòmíràn.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, ìyẹn irọ́. Ọjà wa, títí dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta tí í ṣe ojúlé àdìrẹ, ti kún fún aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n yàwòrán àdìrẹ sí lára, tí ẹni tí ń tà á sì ń fi ojú ọjọ́ gbangba búra pé ọwọ́ ni ó ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ kí ó yí aṣọ padà sẹ́yìn: èyí tí a pa láró a máa ní aró nínú àti lóde, ọnà rẹ̀ kan kì í sì í bá èkejì dọ́gba gírígírí, nígbà tí ti ẹ̀rọ sábà máa ń ṣá lẹ́yìn, tí ọnà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn olóòótọ́ pàápàá a máa fẹ́ fi bàǹtẹ́ bo ohun tí kò ní ìtìjú, wọn a ní láti orí òwú dé orí aró, ilẹ̀ yìí ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́. Aṣọ funfun láti Manchester ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àgbà wa pàápàá fi ṣe àdìrẹ tí ó lókìkí náà. Sọ ohun tí o mọ̀ nípa aṣọ rẹ, kí o sì dákẹ́ níbi tí ìmọ̀ rẹ pin sí.

Ní ti àrà tuntun tí ń jáde lójoojúmọ́, olówò kékeré tí ó bá ń sá tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ yóò kàn kó aṣọ tí kò tà jọ ni. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ó ní ìrísí díẹ̀ tí a mọ̀ mọ́ ọn, kí ó fi àyè tí ó pọ̀ sílẹ̀ lójú rírán kí a lè tú aṣọ nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá sanra, kí ó máa gba aṣọ tirẹ̀ padà fún àtúnṣe, kí ó sì fi àjákù ran àpò àti fìlà.

Àwa tí ń rà náà kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá, nígbà tí ó jẹ́ pé aṣọ ẹbí wa ni ó ń lé télọ̀ léré jù lọ. A ó yan léèsì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìnáwó, a ó pín in fún igba ènìyàn, àwọn ọmọ iṣẹ́ kò ní sùn lóru Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì, a ó wọ̀ ọ́ ní Sátidé, yóò sì di ti ìsàlẹ̀ àpótí. Mi ò ní kí á pa aṣọ ẹbí rẹ́; ẹwà ìṣọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó burú bí olúnàwó bá ní kí oníkálukú wọ funfun tí ó ti ní nílé, kí òun sì mú gèlè àti fìlà òfì nìkan fún wọn, aṣọ òkè tí ó ṣeé tún lò níbi ìnáwó ẹlòmíràn? Ahunṣọ yóò rí iṣẹ́ gidi ṣe, owó àwọn àlejò yóò sì kù sápò wọn. Kìkì pé kí á tètè lọ bá a: òfì kì í ṣe ẹ̀rọ, ẹni tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, kí ó ti gbé àwọ̀ àti owó àsansílẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn kí oṣù Kẹjọ tó parí.