Ojú Alààyè Kò Yẹ Lára Owó Ìlú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Róòmù fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ya orí Julius Caesar sára owó fàdákà. Òrìṣà àti àwọn baba ńlá tó ti kú ló ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí alààyè tí wọ́n ya orí rẹ̀ sára owó tí wọ́n rọ nílùú Róòmù rí. Kò pẹ́ tí àkọlé owó náà fi ń pè é ní aláṣẹ títí ayé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, wọ́n gún un pa. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Brutus, tó wà lára àwọn tó gún un, ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù. Nígbà tó ń kó ọmọ ogun jọ láti bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn Caesar jà, ó rọ owó tirẹ̀. Ó ya ọ̀bẹ aṣóró méjì sẹ́yìn rẹ̀, ó fi fìlà tí ẹrú tó gba òmìnira máa ń dé sáàárín wọn, ó kọ ọjọ́ ikú Caesar sábẹ́ rẹ̀. Orí Brutus fúnra rẹ̀ ló wà níwájú. Ọkùnrin tó ní torí kí ẹnì kan má baà jọba lé Róòmù lórí lòun ṣe pànìyàn, àṣà tí ọ̀tá rẹ̀ dá sílẹ̀ náà ló tẹ̀ lé. Owó yìí ló fẹ́ fi san owó iṣẹ́ ọmọ ogun, kò sì sí ìwé ìròyìn tàbí rédíò láyé ìgbà náà tó lè dé ọwọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rí fà yọ ni pé ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ipò kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló máa ń yára gbé ojú rẹ̀ sára owó. Àwọn kan yóò ní àmì ọba lára owó kò ju ẹ̀rí pé ìwọ̀n rẹ̀ pé, pé fàdákà inú rẹ̀ kò lábùlà. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí ọjà kì í fẹ́ gba owó tí kò sí ẹni tó dúró fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo Gallienus, olú-ọba Róòmù tó kú lọ́dún 268. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ń parí lọ, fàdákà inú owó rẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ orí rẹ̀ wà níbẹ̀ tòun tadé. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rí fàdákà ni orí náà ń jẹ́, ẹ̀rí èké ni. Àwọn mìíràn á ní ta ló tiẹ̀ ń wo ojú owó, ṣebí ohun tó lè rà ló ṣe pàtàkì. Àwọn Júù tó ṣọ̀tẹ̀ sí Róòmù lábẹ́ Bar Kokhba, láàrin ọdún 132 sí 135, wò ó. Wọ́n kó owó Róòmù tí wọ́n ń ná lọ́jà, wọ́n lu ojú olú-ọba rẹ́, wọ́n sì tẹ àwòrán tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù àti ọ̀rọ̀ òmìnira lé e lórí. Ẹni tó wà lójú ogun kì í fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ná kò ní ojú ọba kankan lára. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé owó olórúkọ ọba dé. Láti ọdún 1912 ni àjọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń ṣètò owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nígbà tí Gold Coast gba òmìnira tó di Ghana lọ́dún 1957, Kwame Nkrumah, olórí ìjọba rẹ̀, ní orí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ kúrò lára owó. Ó ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan pé ọ̀pọ̀ èèyàn òun kò mọ̀wé, àmì ni wọn yóò fi mọ̀ pé àwọn ti dòmìnira lóòótọ́. Àwíjàre tó lágbára ni, mo sì gbà pé ó tọ́ kí orí Ọbabìnrin kúrò. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ Ghana ti wà lẹ́yìn owó tuntun ọdún 1958 náà. Ìràwọ̀ yẹn ì bá ti tó àmì. Kí ló wá gbé orí Nkrumah síwájú, pẹ̀lú àkọlé èdè Látìn tó ń pè é ní olùdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè Ghana? Ẹni tí kò mọ̀wé kò lè ka Látìn. Àwọn ológun lé e kúrò lọ́dún 1966. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé owó mìíràn jáde tí kò ní ojú rẹ̀ lára. Owó tó yẹ kó jẹ́ ti gbogbo ìlú ti di ti ẹnì kan, nígbà tí onítọ̀hún sì ṣubú, owó bá a lọ.

Nàìjíríà ti ń ṣe dáadáa níhìn-ín. Herbert Macaulay tí wọ́n yà sára náírà kan onírin lọ́dún 1991 ti kú láti 1946, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aṣáájú tó wà lára owó bébà wa ṣe ti kú kí wọ́n tó yà wọ́n síbẹ̀. Àṣà lásán kò tó, ṣá. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 fi ìfọwọ́sí bí owó yóò ṣe rí sọ́wọ́ Ààrẹ, lórí ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ báńkì náà. Ẹni tí yóò jàǹfààní jù bí ojú rẹ̀ bá wà lára owó náà ni yóò fọwọ́ sí i. Mo bẹ àwọn aṣòfin wa l'Ábùjá, kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún òfin náà: kí wọ́n má ṣe ya ojú alààyè kankan sára owó Nàìjíríà.