Àdéhùn Ló Ń Sọ Aládùúgbò Di Ará Ilé

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kétu, ní Alápẹ̀rẹ̀ àti ní Ìkòsí, ẹ mọ irú ilé tí mo fẹ́ sọ: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, yàrá ń wo yàrá, ilé ìdáná kan, balùwẹ̀ kan, ẹ̀rọ omi kan. Ohun gbogbo la jọ ń lò, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kò mọ orúkọ ẹni tó wà ní yàrá kejì. Bí owó iná bá dé, ariwo a sọ; bí ó bá di ọ̀rọ̀ àgbàlá gbígbá, olúkúlùkù a ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní agbo ilé àwọn baba wa, ẹ̀jẹ̀ ló so ènìyàn pọ̀, ohùn baálé ló sì ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n l'Ékòó, ajẹ́ńtì àti owó ilé ló kó wa jọ: ará Ìjẹ̀bú, ará Ẹ̀gbá, Haúsá tó ń ta tòmátì ní Máìlì 12, Ìgbò tó ń ta aṣọ. Kí ni a lè fi rọ́pò ẹ̀jẹ̀? Èmi wí pé àdéhùn ni.

Ní 1947, àwọn Kristẹni Aládùúrà kan tẹ ìlú Ayétòrò dó létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì kó èrè gbogbo sínú àpò kan. Ìlú náà gbèrú gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àpò kan ṣoṣo náà kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn mọ́, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ní 1972, ìdílé 27 gba ọ̀nà mìíràn ní Sættedammen. Olúkúlùkù ní ilé tirẹ̀ àti owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ilé àpapọ̀ kan tí wọ́n ti lè jọ jẹun alẹ́, ẹni tó bá kàn a sì dáná fún gbogbo wọn. Kí wọ́n tó kó wọlé ni wọ́n ti jọ jókòó sọ bí wọn yóò ṣe máa gbé.

Ọ̀rọ̀ fàájì kọ́ ni èyí o. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n ṣí omi tí wọ́n sé sí Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, odò Ògùn kún dé Ajégúnlẹ̀, Àgílítí àti àgbègbè Máìlì 12. Omi wọ yàrá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ilé sílẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá dé lóru, ta ló mọ̀ pé ìyá àgbà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́? Ṣé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ni yóò gbé e jáde, tàbí ẹni tí ògiri kan ṣoṣo pààlà pẹ̀lú rẹ̀? Abájọ tí Súrátù Nísáì, ẹsẹ 36, fi ka aládùúgbò mọ́ òbí àti ìbátan lára àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣe dáadáa sí.

Nítorí náà, ẹ yan alẹ́ kan lóṣooṣù tí gbogbo yàrá yóò máa jókòó, onílé àti ayálégbé. Ẹ kọ ẹni tí àgbàlá gbígbá àti gọ́tà kíkó kàn sára ògiri. Ẹ dá owó díẹ̀ jọ fún ìgbà àìsàn, kí ẹni méjì sì máa mọ iye rẹ̀. Ẹ ka àwọn arúgbó, aboyún àti aláìlera inú ilé, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò mú ọwọ́ kálukú wọn bí omi tàbí iná bá dé. Ẹnìkan yóò pẹ́ dé ìpàdé, ẹnìkan yóò bínú lórí owó iná. Ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.