Oyè "Ọ́físà" Kọ́ Ni Owó Oṣù

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní ẹ̀ka wa ní Ìdí-Àràbà yìí tí a kò lè gbé mì.

Àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń pín ìwé pélébé kan fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ bọ́ sí ọ́fíìsì. Méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mú un wá fún wa. Ìwé náà ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń di ẹni ńlá nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì: múra dáadáa, tètè máa dé, máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá, má ṣe ráhùn, fi ara jin iṣẹ́, iṣẹ́ yóò sì gbé ọ ga. A kò ní kí ènìyàn má múra. A kò ní kí ẹnikẹ́ni máa pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n a ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a tún yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, a kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ owó oṣù sí. A kò rí ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. A kò rí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àfi bí ó bá jẹ́ pé àwa gan-an ni wọ́n ń pè ní "ráhùnráhùn".

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ọdún méjìlá ni arákùnrin yìí fi wà nídìí ẹ̀rọ tí ó ń di ọjà sínú páálí. Bí ó bá parí iṣẹ́ ọ̀sán, kì í yà síbì kankan, ilé lẹ́sìn ni ó ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń tan jẹnẹrétọ̀ kọ́ ènìyàn ní kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́ta ni ó fi ṣe é. Ó jókòó ìdánwò NABTEB, ó yege. Nígbà tí àyè akọ̀wé ṣí ní sítọ́ọ̀, ó kọ̀wé béèrè, wọ́n sì mú un. Inú wa dùn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ se ìrẹsì fún gbogbo ojúlé. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí ọjà Òjúwòyè, ó ra táì méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, a sì fi èyí pupa yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Oṣù parí. N5,000 ni wọ́n fi lé owó rẹ̀. Ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ó fi ń lọ síbi iṣẹ́, kò tó N200 lóòjọ́. Ẹ̀yin kọndọ́, ẹ bá wa sọ ibi tí N200 ń gbé èrò dé lónìí. Ófátáìmù àti owó iṣẹ́ òru tí ó ń gbà nídìí ẹ̀rọ, tí ó máa ń tó N22,000 lóṣù, wọ́n gé e kúrò pátápátá. Wọ́n ní ọ́físà kì í gba ófátáìmù. Bẹ́ẹ̀, aago méje alẹ́ ni ó ń kúrò nídìí ìwé sítọ́ọ̀ lójoojúmọ́. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀, wọn kò yọ ọ́ mọ́. Wọ́n ní "Administrative Officer" kì í bá lébìrà ṣe ẹgbẹ́. Ẹni tí ó ti gòkè wá ń gba owó tí ó kéré sí èyí tí ó ń gbà nísàlẹ̀.

Èyí tí ó burú jù kò hàn sí i, àfi ìgbà tí ó mú lẹ́tà náà wá fún wa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọjọ́ òní ni wọ́n gbà á síṣẹ́. Ọdún méjìlá ti wọlẹ̀ lọ! Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtumọ̀ rẹ̀ bí òfin ṣe là á. Nínú Labour Act, òfin tí ó ti wà láti 1974, bí òṣìṣẹ́ bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iléeṣẹ́ tí ó bá fẹ́ dá a dúró gbọ́dọ̀ fún un ní ìkìlọ̀ oṣù kan. Ẹni tí kò tíì lo ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan péré ni tirẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí wọ́n bá arákùnrin wa yọ̀ pé ó ti di ọ́físà, ọjọ́ náà gan-an ni ìwé wọn sọ pé a lè lé e lọ ní ọ̀la. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà yẹn mọ ohun tí ó ń ṣe.

Wọ́n sọ pé oyè náà ni ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Irọ́ ni. Òfin kan náà sọ ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, ó ní ì báà ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ni, ì báà ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni. Lóòótọ́, ó yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àṣẹ àti ìṣàkóso sẹ́yìn, níbẹ̀ sì ni àwọn aláṣẹ ti rí ihò tí wọ́n ń gbà kó wa. Wọn a mú akọ̀wé, wọn a fún un ní orúkọ alákòóso, wọn a ní òfin kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ti 1973 kò wo orúkọ. Ipò ènìyàn, àṣẹ tí ó ní, agbára rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti ohun tí ó ń jíhìn fún ni ó ní kí a wò, kí a tó lè pe ẹnikẹ́ni ní apá kan àwọn aláṣẹ. A bi arákùnrin wa: ǹjẹ́ o lè gba ènìyàn síṣẹ́? Rárá. O lè dá ènìyàn dúró? Rárá. O lè fún ẹnikẹ́ni ní ìsinmi ọjọ́ kan? Ó ní òun fúnra òun ṣì ń tọrọ tòun ni. O ń fọwọ́ sí ìwé owó? Ó rẹ́rìn-ín. Kí wá ni ó fi jẹ́ aláṣẹ, bí kò ṣe táì?

Bí iṣẹ́ ènìyàn bá sì ti di ti ọ̀gá ní tòótọ́, kò di ọmọ òrukàn síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba to ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ sí 42 ní 1978, wọ́n ya ti àwọn òṣìṣẹ́ àgbà sọ́tọ̀, ẹgbẹ́ wọn sì wà títí di òní. Iléeṣẹ́ tí ó bá sọ fún ọ pé jáde, tí kò sọ ibi tí o lè wọ̀ fún ọ, ìwọ nìkan ṣoṣo ni ó fẹ́ bá jókòó.

Ẹni tí ó bá ní akọ̀wé kì í ṣe ẹgbẹ́ kò tilẹ̀ mọ ìtàn Èkó. Ta ni ó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó lórúkọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí? Kì í ṣe àwọn ará Rélùwéè, bí a tilẹ̀ ń fi Imoudu yangàn, tí ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ni, níhìn-ín ní Èkó, ní oṣù kẹjọ 1912. Àwọn tí ń wọ kóòtù, tí ń fi gègé kọ̀wé fún òyìnbó, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé gègé nìkan kò lè gbà wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa náà wí. Ẹ̀bi yìí kò dá dúró sí ọ́fíìsì máníjà nìkan. Nígbà tí arákùnrin wa gba lẹ́tà náà, kí ni kò jẹ́ kí ó mú un wá kí ó tó fọwọ́ sí i? A bi í. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé a ti ń pe òun ní òyìnbó dúdú, ojú ti òun láti tún padà wá bá wa. A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Yẹ̀yẹ́ tí a fi táì pupa ṣe, àwa ni a fi lé e jáde kí àwọn aláṣẹ tó ti ìlẹ̀kùn. Àwọn kan nínú wa gbà pé ẹni tí ó bá kúrò nídìí ẹ̀rọ ti kọ̀ wá sílẹ̀. Ẹ fi ìwà yẹn sílẹ̀. Ta ni ẹ rò pé ó ń kọ wákàtí tí ẹ fi ṣiṣẹ́ sínú ìwé? Ta ni ó ń ṣírò ófátáìmù yín? Akọ̀wé tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni ó lè sọ fún wa bí wọ́n bá gé e.

Ìdí nìyí tí a kò fi ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ lọ! Iṣẹ́ òru ń jẹ egungun, eruku ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, awakọ̀ mélòó ni ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì bàjẹ́? Ẹ kàn mú nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ yín dání lọ. Obafemi Awolowo kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti ìkọ̀wé kíákíá nígbà èwe rẹ̀, ó ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn, ó sì tún ṣe akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Láàárín iṣẹ́ àti òwò ni ó ti ń kàwé nílé, tí ó fi gba oyè B.Com. ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ìwé ẹ̀rí yẹn, ọ̀gá kankan kọ́ ni ó fún un, ọ̀gá kankan kò sì lè gbà á padà. Lóde òní, NABTEB tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹni tí kò sí nílé ìwé sì lè jókòó fún un. Yabatech, tí ó ti wà láti 1947, kò jìnnà sí wa, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀ títí dé HND. Ẹni tí kò sì lówó ilé lẹ́sìn, kí ó wá ṣe igbákejì akọ̀wé ẹ̀ka wa. A kò fi ṣeré. Àwa tí a ń kọ èyí, ìwé mẹ́fà àti ẹ̀kọ́ alẹ́ ni a kà, nídìí kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ni a ti mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tí máníjà ń kà lẹ́ẹ̀mejì.

Awakọ̀ kan tún wà láàárín wa tí wọ́n fẹ́ sọ di "Fleet Officer" ní oṣù tí ó kọjá. Òun mú lẹ́tà rẹ̀ wá kí ó tó fọwọ́ sí i. A jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan. A ní kí ó padà lọ bi wọ́n pé: ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti lò ńkọ́? Wákàtí iṣẹ́ mi dà? Bí mo bá pẹ́ nídìí iṣẹ́, kí ni ẹ ó san? Òfin ní kí iléeṣẹ́ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé fún òṣìṣẹ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé, bí wọ́n bá sì yí èyíkéyìí padà, kí wọ́n kọ ìyẹn náà kí oṣù kan tó kọjá. Wọ́n bínú díẹ̀. Wọ́n ní awakọ̀ kì í béèrè báyìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n tún lẹ́tà náà kọ, ọdún mẹ́sàn-án náà wà nínú rẹ̀.

Ní ti arákùnrin wa ti sítọ́ọ̀, a ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò tíì fèsì. Ó ti padà ń san owó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ń wá sí ìpàdé, táì pupa náà lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní lẹ́tà ọ́fíìsì lọ́wọ́ tí kò tíì fọwọ́ sí, kí ó mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹni tí ó ti fọwọ́ sí i náà, kí ó mú tirẹ̀ wá.