Ta Ló Ni Ojú Kọ̀ǹpútà: Ẹni Tó Ṣe É Ni àbí Ẹni Tó Ń Lò Ó?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò bàjẹ́ rárá ni kò kún ojú ohun tí Windows 11 ń béèrè. Ẹni tí kò lówó tuntun lọ́wọ́, tí kò sì fẹ́ ju ti àtijọ́ nù, ọ̀nà kan tó ṣí sílẹ̀ fún un ni Linux, tí a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí. Àwa náà tọ ọ̀nà yìí nínú ilé wa. Ohun tí a rí níbẹ̀ ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa.

Kọ̀ǹpútà Màmá wa ni. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ àjọ tí àwọn àti ìyá mọ́kànlá mìíràn jọ ń dá: ta ló ti san, ta ló kàn láti kó. Ọjọ́ Sátidé kan tí wọ́n lọ sí òde ìyàwó ni àwa ọmọ gbé Linux lé e. Inú wa dùn. Kọ̀ǹpútà tó máa ń pẹ́ kó tó tan ti wá ń tan wàrà, gbogbo fáìlì wọn sì pé. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ àjọ, wọ́n ní kí àwọn yẹ ímeèlì kan wò, wọ́n fẹ́ padà sí àkọsílẹ̀, wọn ò rí i mọ́. Kò sọnù. Ẹ̀yìn fèrèsé ímeèlì ló wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, níbi tí gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣí máa ń tò sí, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Màmá wò wá, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ní kí ẹ tún ilé mi tò?”

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìwé àti bírò ni wọ́n padà sí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ṣèèṣì kọ orúkọ ẹni tó ti san mọ́ àwọn tí kò tíì san. Ẹni tó bá mọ ohun tí àjọ jẹ́ láàárín àwọn ìyá wa yóò mọ̀ pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè tú ọ̀rẹ́ ogún ọdún ká.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé gbogbo ènìyàn: lórí Linux, ohun tí ojú ń rí, ìyẹn fèrèsé, ọ̀pá, bọ́tìnì àti ibi tí a ń to fáìlì sí, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Onírúurú rẹ̀ ló wà: GNOME, KDE Plasma, Cinnamon, MATE, Xfce. Kóòdù wọn wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Nítorí náà ni ìjà fi pọ̀ níbẹ̀. Tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá yí nǹkan padà, a ó kàn kùn lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ fún wa pé ti gbogbo wa ni, a máa ń retí pé kí wọ́n bi wá léèrè.

Ìjà ọ̀hún kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, KDE gbé ẹ̀yà 4.0 jáde. Àwọn tó ṣe é ní kò tíì pé fún gbogbo ènìyàn, síbẹ̀ àwọn kan ti kó o fún aráàlú, ariwo sì sọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, ó kan GNOME. Wọ́n gbé GNOME 3 jáde, wọ́n yọ ọ̀pá ìsàlẹ̀, wọ́n sì yọ bọ́tìnì tí a fi ń rọ fèrèsé sísàlẹ̀. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux fúnra rẹ̀ sílẹ̀, ti kúrò ní KDE nítorí ẹ̀yà 4; nígbà tí GNOME 3 dé, ó tún kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Xfce. Lọ́dún yẹn kan náà, ará Argentina kan mú kóòdù GNOME 2 àtijọ́, ó sì sọ ọ́ di MATE. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe Linux Mint náà fi bẹ̀rẹ̀ Cinnamon.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn tó ń ṣe é pẹ̀lú. Ní ọdún 2002, Havoc Pennington, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ GNOME nígbà náà, kọ àròkọ kan tó ṣàlàyé pé gbogbo àṣàyàn tí a bá fi kún ètò ló ní ohun tó ń náni. Òtítọ́ ni. Tí ètò kan bá ní àṣàyàn mẹ́wàá péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà 1,024 ni ètò náà lè gbà rí. Ta ni yóò yẹ gbogbo rẹ̀ wò kó tó jáde? Nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ilé-iṣẹ́ bíi Red Hat ló ń san owó oṣù àwọn kan. Ọ̀pọ̀ sì ń ṣe é ní alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n gba gbogbo ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́, ètò náà yóò di ọjà tí kò ní ìlà, kò ní ìsọ̀.

Nǹkan kejì tí wọ́n máa ń sọ náà lọ́gbọ́n nínú. Wọ́n ní ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ ẹ̀sùn ni wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Màmá wa kò mọ ibẹ̀. Tí a bá ní ká tẹ̀lé ariwo nìkan, àwọn tó ti mọ kọ̀ǹpútà dójú àmì ni yóò máa pàṣẹ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ibi tí a ti yà kúrò lẹ́yìn wọn ni ìdáhùn kan tó ti di orin lẹ́nu àwọn kan lára wọn: “Tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kóòdù ló wà níbẹ̀ yẹn, lọ ṣe tìrẹ.” Lóòótọ́, MATE àti Cinnamon fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n iye ènìyàn mélòó ló lè ṣe é? Ìyá tó ń kọ orúkọ àwọn alájọ kò lè lọ kọ ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Òmìnira tí ẹni tó mọ kóòdù nìkan lè lò kò tíì dé ọ̀dọ̀ Màmá.

Lójú tiwa, ẹni tó ń ṣe ètò ló ni àṣẹ láti pinnu bí yóò ṣe rí. A kò jiyàn ìyẹn. Ohun tí kò ní àṣẹ láti ṣe ni kó bá ènìyàn lójijì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kó sọ ohun tó fẹ́ yí padà ṣáájú, kó sọ ìdí rẹ̀ ní èdè tí aráàlú gbọ́, kó sì fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ti àtijọ́ lè gbà rìn.

Àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí o bá tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní KDE, ó ti ṣí nìyẹn. Ẹni tó ti Windows wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Kó tó ṣẹ́jú, fáìlì tó kàn fẹ́ mú ti là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Nígbà tí Plasma 6 jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n sì fi ẹ̀ẹ̀kan sílẹ̀ nínú ètò fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ubuntu náà ṣe irú rẹ̀. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ń lo ojú kan tí wọ́n pè ní Unity, tí ọ̀pá rẹ̀ wà lápá òsì. Ní 2017, wọ́n pa Unity tì, wọ́n gba GNOME, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀pá òsì náà sí i, wọ́n sì dá bọ́tìnì tí a fi ń rọ fèrèsé sísàlẹ̀ padà. Ilé yí padà, ilẹ̀kùn ṣì wà níbi tí ẹsẹ̀ mọ̀.

Ohun tó yẹ kí àwa ọmọ ṣe fún Màmá gan-an nìyẹn. A kò lè máa bá àwọn olùṣètò jà, kí a má wo ara wa. Àwa náà ti pinnu fún ẹlòmíràn nígbà tí kò sí nílé, a sì retí kó kí wa kú iṣẹ́. Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan àwa ọmọ Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ wo “ẹ́”. Lójú wa, lẹ́tà kan náà ni tó gbé ohùn òkè. Nínú Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, “é” àwọn Faransé ní ààyè kan ṣoṣo tirẹ̀. “Ẹ́” wa kò ní. “Ẹ” ni a ó kọ́kọ́ kọ, a ó wá fi àmì ohùn lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí àmì fi ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú àwọn fọ́ńtì mìíràn. Síbẹ̀, lórí Linux, àtẹ bọ́tìnì Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà fún ẹni tó bá wá a. Èèyàn sì lè yan bọ́tìnì kan gẹ́gẹ́ bíi Compose: tí o bá tẹ̀ ẹ́, tí o tẹ àmì ìyanu, tí o tẹ e, “ẹ” yóò jáde. Ẹnì kan ló jókòó, tó kọ gbogbo èyí, tó fi ránṣẹ́. Tí olùṣètò kan bá sọ lọ́la pé àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, kí a yọ ọ́ kí ojú-iṣẹ́ lè mọ́ tónítóní, ta ni yóò bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa. Púpọ̀ nínú yín ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ sì gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣèpàdé. GNOME àti KDE ní ibi gbangba tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn àti ìtumọ̀ sí èdè mìíràn. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a bú kì í gbọ́ràn. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, ohun tí ẹ retí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. “Ètò yìí kò dáa” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. “Ìyá wa fẹ́ padà sí ìwé tó ṣí, kò rí ọ̀nà” yóò mú olùṣètò ronú. Ẹ sì gbé ẹjọ́ àwọn tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ dání, nítorí pé ohùn tiwọn ni kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ní ti Màmá, a padà jókòó tì wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. A bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a sì dákẹ́ wo ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà la yan ojú mìíràn tó ní ọ̀pá nísàlẹ̀, a fi àkọsílẹ̀ àjọ sí ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún orúkọ ìyá tí wọ́n ṣì kọ kọ síbi tó tọ́, wọ́n sì pè wọ́n lórí fóònù láti bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n wá yíjú sí wa: “Tí ẹ bá tún fẹ́ tò ó, ẹ kọ́kọ́ pè mí.”