Ẹ má tíì pè é ní dókítà

Àǹtí mi kan tó ń gbé ní Kaduna pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ wọn wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ dókítà ló sì fẹ́ ṣe. Kẹ́mísírì àti ìṣirò gbé e ṣubú lọ́dún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ ti dára látìgbà náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọdún kẹta báyìí. Àǹtí fẹ́ kó tètè gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. "Ṣebí tó bá tún kẹ́mísírì yẹn ṣe, wọn á pa ti àkọ́kọ́ rẹ́?"

Rárá o, mà. "Carry over" tiwa níbí, ẹni tó ti gbé e rí (mo ti gbé e rí) mọ̀ pé ọjọ́ téèyàn bá yege lara ń tuni. Ní Amẹ́ríkà, AMCAS, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ń gba fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ, ń ka èsì àkọ́kọ́ àti ti àtúnṣe pọ̀ ni. Wọ́n tún ń ṣírò báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, físíìsì àti ìṣirò lọ́tọ̀.

Ká ní ọmọ gba 2.3 nínú 4.0 lọ́dún àkọ́kọ́, tó wá ń gba 3.8 lọ́dọọdún lẹ́yìn náà, tí iye kóòsì rẹ̀ sì dọ́gba. Lópin ọdún kẹta, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 3.3. Tó bá parí ọdún kẹrin, á tó nǹkan bíi 3.4. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n AMCAS ń fi èsì ọdún kọ̀ọ̀kan hàn, nítorí náà ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á rí ọdún mẹ́ta tó dára tẹ̀ léra. Á tún ráyè múra fún ìdánwò MCAT, tí máàkì rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti 472 dé 528. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba kóòsì kún un lẹ́yìn tí wọ́n ti gboyè.

"Ọdún kan sí i kẹ̀? Bàbá ẹ̀ ti ń pè é ní dókítà lójú gbogbo ìjọ!"

Mo bi Àǹtí bóyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ gba fọ́ọ̀mù lọ́dún yìí. Wọ́n dákẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti gbé fóònù wọn.

Mo pè é. Ó gbé e. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì ṣetán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ màmá mi."

Mo jíṣẹ́. Àǹtí ní àwọn ti gbọ́, àwọn á sọ fún bàbá rẹ̀. Títí di àná, wọn ò tíì sọ ọ́.